Ọjọ́ Ìdìbò Lórí Okùn Ìlú

Ẹyẹ ilé-iṣẹ́ Ojú-Ọ̀run tún ti dé. Ó dúró sójú fèrèsé ilé okùn ayélujára ìlú, ó ń fi ìyẹ́ irin rẹ̀ gbá afẹ́fẹ́, ó sì ń fi ohùn obìnrin dídùn sọ ohun tó ti ń sọ láti àárọ̀: "Ẹ̀yin ará Òkè-Àpáta, ẹ kú ọjọ́ ìdìbò o. Ẹ yan osùn. Ojú-Ọ̀run ò ní ní kí ẹ gbé ọkọ́. Ojú-Ọ̀run ò ní ní kí ẹ gbẹ́ kòtò. Ẹ san owó yín, kí ẹ jókòó jẹ́jẹ́ sílé yín."

Tinúadé, olùṣọ́ okùn, mú ìgbálẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó sì nà án sí i. Ẹyẹ náà fò sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá ẹ̀rọ jà, ara rẹ̀ ló ń dá lágara. Ó ti fèrèsé rẹ̀ padà.

"Fi í sílẹ̀ jàre," Olóyè Ọlágbẹ̀ńró sọ láti orí àga tó jókòó sí. "Tí oòrùn bá ti wọ̀, tí a bá ti borí, èmi fúnra mi ni màá fi kànnàkànnà já a bọ́."

Olóyè yìí ni Olórí Ọ̀wẹ̀ ìlú Òkè-Àpáta. Òun ló ń pe ará ìlú jáde síbi iṣẹ́ àjọṣe, òun náà ló sì ń sọ ìyà tí wọ́n máa fi jẹ ẹni tí kò bá jáde. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́ láti ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò okùn gba inú àpáta kọjá. Irin ni wọ́n fi rọ́pò wọn, irin náà sì máa ń dún kẹ́kẹ́ bó bá fẹ́ dìde. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Akínlabí, ọkọ Tinúadé, nígbà tí Akínlabí wà láyé. Òun ló gbé òkú rẹ̀ jáde lábẹ́ òkúta lọ́jọ́ tí àpáta ya lù ú nínú kòtò náà.

Ojú Tinúadé àti Olóyè wà lára ògiri. Gbogbo ilé tó wà nílùú ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ baba tó kọ́ ilé ni wọ́n sì fi ń pè é, ì báà ti kú, ì báà wà láyé. Bí baálé ilé kan bá ti tẹ àtàǹpàkò mọ́ dígí ọwọ́ rẹ̀, orúkọ ilé rẹ̀ á tàn lára ògiri: aró, bó bá fẹ́ kí okùn ayélujára máa jẹ́ ti ìlú nìṣó, osùn, bó bá fẹ́ kí wọ́n tà á fún Ojú-Ọ̀run. Òfin ò gba okùn méjì nínú ìlú kan. Tí fèrè orí òkè bá dún lẹ́ẹ̀mẹta ní ìwọ̀ oòrùn, ohun tó bá wà lára ògiri lohùn ìlú. Bí aró àti osùn bá dọ́gba, nǹkan á wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ilé tí okùn rẹ̀ bá sì pa kí fèrè kẹta tó dún, àwọ̀ rẹ̀ á pa mọ́ ọn.

Aró ló pọ̀ jù. Kò yẹ kí ọkàn olùṣọ́ okùn dàrú. Ṣùgbọ́n ohun tí Tinúadé ń wò ni ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí orúkọ àwọn ilé àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò tò sí. Gbogbo wọn ló ṣú dùdù. Wọn ò yan aró, wọn ò yan osùn, nítorí ìlú ti gbẹ́sẹ̀ lé okùn wọn láti ìjẹta. Olóyè ló pàṣẹ, òun Tinúadé ló sì pa á.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá sá fún ọ̀wẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á lọ gba adìẹ rẹ̀. Bó bá ṣagídí, wọ́n á fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ, òun náà á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, á máa bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ á sì parí sídìí ẹmu. Ta ló wá ń sin ewúrẹ́ mọ́? Láyé tí a wà yìí, okùn rẹ ni wọ́n ń gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀kan náà ni okùn àti ewúrẹ́. Bí okùn bá pa, ẹ̀rọ tó ń bá ọ roko á dúró gbagidi sáàárín ebè. Ọmọ rẹ á jókòó síwájú dígí tí kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì inú dígí tó ń bójú tó ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ìyá rẹ á sì máa bi ọ́ pé kí ló ṣe ọmọ yẹn.

"Bàbá," Tinúadé ní, "oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ṣé bí a ṣe máa fi àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò sílẹ̀ nìyí?"

"Bí àwọn náà ṣe fi ọ̀wẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn."

"Ìgbà òjò tó kọjá ni wọ́n ti sá fún ọ̀wẹ̀. Ìjẹta lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n pa okùn wọn."

Olóyè wò ó lọ, wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́n ju ohun tí mo fẹ́ lónìí lọ. Ó dáa, jẹ́ kí n wí i kí ara mi lè fúyẹ́. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n dìbò, osùn ni gbogbo wọn máa di. O mọ̀, mo mọ̀. Osùn á wọlé. Tí osùn bá sì wọlé, ṣé o ti gbàgbé Ìdí-Ọsàn ni?"

Ta ló lè gbàgbé Ìdí-Ọsàn? Ìlú náà ò jìnnà, bí èèyàn bá kígbe lórí àpáta, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ta okùn wọn pẹ̀lú ijó àti ayọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, owó tí Ojú-Ọ̀run ń gbà ò tó nǹkan, iṣẹ́ wọn sì yá bí àṣá. Ní ọdún kejì, owó gòkè. Ní ọdún kẹta, ó gòkè débi tí àgbẹ̀ ò lè bá a mọ́, kò sì sí okùn mìíràn tí wọ́n lè sá tọ̀ lọ. Aboyún kan ń rọbí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n pe agbẹ̀bí inú dígí, dígí ní kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè. Ọmọ náà ò yè. Láti ìgbà náà, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, ẹ ó rí àwọn ará Ìdí-Ọsàn tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ àwọn igi ẹ̀bá ààlà, wọ́n á nawọ́ dígí wọn sókè síhà Òkè-Àpáta, bóyá wọ́n á rí díẹ̀ he nínú ohun tó ń ti orí okùn ìlú ṣẹ́ jáde.

"Ṣé ohun tí Akínlabí torí rẹ̀ kú nìyẹn?" Olóyè béèrè, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Kí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún àwọn tó ni ẹyẹ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Tinúadé lọ́kàn. Ó fẹ́ràn okùn yìí bí ẹni fẹ́ràn ọmọ tí ọkọ fi sílẹ̀ lọ. Òun ló ń nu eruku ara rẹ̀, òun ló ń gun orí àpáta lọ wò ó bí ìjì bá jà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bó bá ṣí okùn Ìsàlẹ̀-Odò, okùn á bọ́ lọ́wọ́ ìlú, bí kò bá ṣí i, ẹ̀tàn ni okùn ìlú máa fi kù sí ìlú lọ́wọ́, òun ló sì máa jẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi tan ìlú.

Ariwo ló gba ẹnu ọ̀nà. Tinúadé lọ sídìí ilẹ̀kùn onírin, ó sì yọjú láàárín àwọn irin rẹ̀. Èrò Ìsàlẹ̀-Odò ló dúró lọ bẹẹrẹ, tọkùnrin tobìnrin, dígí tó ti kú wà lọ́wọ́ wọn. Ajíbádé ló ṣíwájú wọn. Ó gbé ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò lé èjìká.

"Ìyàwó wa, ẹ kúulé."

"Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀." Orúnkún Tinúadé yẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láti kí i.

Ajíbádé yìí, àbúrò Akínlabí ni. Eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ dànù nígbà tí Tinúadé wọlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló sì ń wá a kiri nínú igbó nígbà tó bá sá fún ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó wá wo ọmọ tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ olùkọ́, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Lónìí, Akọ̀wé ti di baálé. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni ilé Akínlabí fi ń dìbò, nítorí ilé kan, ìbò kan, baálé ló sì ń di í. Tinúadé tó ń ṣọ́ okùn gbogbo ìlú ò ní ìbò tirẹ̀. Ìsàlẹ̀-Odò sì ni ilé wọn wà. Orúkọ Akínlabí wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ nísinsìnyí, òkùnkùn bò ó.

Olóyè ti dìde, orúnkún irin rẹ̀ ń dún. "Kí lẹ wá ṣe? Ṣé ẹ wá bẹ̀bẹ̀ ni?"

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Bàbá." Ajíbádé sọ ọ̀pá irin kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì tún gbé ọ̀pá rẹ̀. "A ò wá bẹ̀bẹ̀. A ní kí ẹ ṣí okùn wa ká dìbò, bíi ti gbogbo ìlú."

"Osùn lẹ fẹ́ di."

"Osùn la fẹ́ di."

"Ẹ ò tiẹ̀ wá irọ́ pa!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ká má parọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ta ló ni okùn yìí?"

"Gbogbo wa ni."

"Ohun tí ẹ sọ nígbà tí ẹ pè wá jáde nìyẹn, a sì gbà. A gbẹ́ kòtò dé ààfin. A gbẹ́ ẹ dé ẹnu ọ̀nà yín. Bí òjò bá rọ̀, okùn ta ló ń kọ́kọ́ já? Tiwa. Ta ni wọ́n ń tún tirẹ̀ ṣe gbẹ̀yìn? Àwa náà ni. A ní kí ìlú wá bá wa gbẹ́ kòtò tó jinlẹ̀ bíi tiyín, ẹ ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ ní ó di ìparí ọdún. Nígbà tí ọ̀wẹ̀ wá jẹ́ pé àwa là ń lọ, kì í wá sọ́dọ̀ wa, a jókòó sílé. Ẹ sì gba okùn. Ojú-Ọ̀run á gbowó mi, Bàbá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbowó mi, kò ní bi mí pé ọmọ ta ni mí."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hó yèè. Ẹyẹ ilé-iṣẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì sáré fò wá sórí wọn. "Ojú-Ọ̀run kí yín o, ẹ̀yin oníbàárà ọ̀la." Ìyá kan bọ́ bàtà, ó sọ ọ́ lù ú. Inú Tinúadé dùn díẹ̀ sí bàtà yẹn.

"Akọ̀wé," ó ní, "bí owó bá wá tán ńkọ́? Ìlú lè rẹ́ yín jẹ, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé ẹni tí ẹ máa lọ bá jà. Ta lẹ máa lọ bá nílé Ojú-Ọ̀run? Ẹyẹ yìí? Ẹ ṣáà ń rí àwọn ará Ìdí-Ọsàn lábẹ́ igi."

"Mo ń rí wọn, Ìyàwó wa." Ajíbádé sún mọ́ irin ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn èrò má baà gbọ́. "Láti ìjẹta, Mofẹ́ náà ti ń lọ jókòó tì wọ́n. Ó ní òun ò fẹ́ pàdánù ẹ̀kọ́ òun. Mo lọ wá a ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo bá ọmọ mi láàárín wọn, ó na dígí sókè sí ilé yìí. Sí ilé tí ẹ wà nínú rẹ̀."

Mofẹ́ ni àkọ́bí Ajíbádé. Tinúadé ló gba ẹ̀bí rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbé e kí ìyá rẹ̀ tó gbé e. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú Ajíbádé mọ́. Gbogbo bí ó ṣe ń fi Ìdí-Ọsàn dẹ́rù ba ìlú, kò mọ̀ pé òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ́ Ìdí-Ọsàn mìíràn sísàlẹ̀ odò.

Fèrè àkọ́kọ́ dún lórí òkè.

"Bí ẹ ò bá ṣí i," Ajíbádé ní, ó sì gbé ohùn sókè padà, "ilẹ̀kùn yìí la máa já. Ẹ má bínú."

"Já a!" Olóyè kígbe. "Já a, kí àwọn agbófinró wá kó gbogbo yín! Ọ̀pá tí ìlú fún ọ láti fi gbẹ́ kòtò lo fẹ́ fi já ilé ìlú!"

Tinúadé yí padà, ó sì lọ sídìí òkúta.

Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, ara àpáta tí wọ́n fọ́ ni wọ́n ti gé e. Òun ni wọ́n fi ń ṣí okùn tí ìlú bá gbẹ́sẹ̀ lé. Àtẹ́lẹwọ́ olùṣọ́ okùn nìkan ló mọ̀. Ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ náà bá wà lórí rẹ̀ ni okùn á wà ní ṣíṣí. Bó bá gbé e kúrò, okùn á pa. Àwọn àgbà ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí olùṣọ́ kankan má baà ṣí okùn fún ẹni tó wù ú, kó sì lọ sùn.

"Tinúadé." Olóyè ò pariwo mọ́. "Bí o bá gbọ́wọ́ lé òkúta yẹn láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bó o bá dé ọ̀run, Akínlabí á bi ọ́."

"Á bi mí lóòótọ́." Omi ti ń lé sí i lójú. "Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ wà nínú kòtò. Ǹjẹ́ ó sọ fún yín rí pé àwọn tó máa bá wa dìbò nìkan lòun ń gbẹ́ ẹ fún?"

Tinúadé gbọ́wọ́ lé òkúta.

"Ìyá Okùn, ẹ kú iṣẹ́," ohùn kan sọ láti inú ògiri. "Okùn tí ìlú gbẹ́sẹ̀ lé ni o. Ṣé kí n ṣí i?"

"Ṣí i."

Níta, dígí bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ń kígbe pé, "Ìyá mi! Ìyá mi, ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀. Ajíbádé sọ ọ̀pá irin nílẹ̀. Tinúadé sọ fún ògiri pé kó ṣí ilẹ̀kùn, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń tì í fún mọ́, Ajíbádé sì wọlé wá òun nìkan.

Orúkọ Ìsàlẹ̀-Odò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Osùn. Osùn. Osùn mìíràn. Aró kan yọ láàárín wọn, Olóyè sì pariwo bí ẹni rí owó he. Àwọn mìíràn tún tàn, osùn ni. Pípọ́n náà ń gun ògiri lọ bí omi ṣe ń kún odò lásìkò òjò, àtẹ́lẹwọ́ Tinúadé sì ń gbóná lórí òkúta. Fèrè kejì dún.

"Aró àti osùn dọ́gba," ohùn inú ògiri wí. "Ó ku ilé kan."

Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ ilé tí í ṣe fún òun. Ilé Akínlabí.

Ohun tí Olóyè Ọlágbẹ̀ńró ṣe lẹ́yìn náà, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò ní gbà á gbọ́. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú, orúnkún irin rẹ̀ ń han, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó lè bí lọ́mọ. "Ajíbádé, mo ṣẹ̀ yín. Mo gbà pé mo ṣẹ̀ yín. Di aró. Lọ́la òde yìí ni ọ̀wẹ̀ máa bọ́ sí Ìsàlẹ̀-Odò, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Mo fi orí mi búra."

"Háà, Bàbá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí léèwọ̀." Ajíbádé sáré gbé e, ó sì gbé e jókòó sórí àga. Ó mú dígí rẹ̀ jáde, ó wò ó, ó sì yíjú sí Tinúadé. "Ìyàwó wa, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí lẹ ní kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré. Tinúadé mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọ tí òun pọ̀n yìí á ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Aró ni mo fẹ́," ó ní. "N ò lè purọ́ fún yín. Mo fẹ́ ẹ bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín jí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ẹ lè di tèmi ni mo ṣe ṣí okùn. Ẹ di tiyín."

Ajíbádé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa wà nídìí òkúta yìí títí ayé ni, n bá ti di aró, ọkàn mi ò ní méjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mìíràn ń bọ̀ lórí rẹ̀, Ìyàwó wa. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa, wọ́n á tún rí ẹni bá wọn ṣe é. Ẹ má bínú sí mi."

Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ dígí. Orúkọ Akínlabí tàn lára ògiri. Osùn ni.

Ẹyẹ ìta ti ń kọrin ìdúpẹ́. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ń fò sókè. Tinúadé ń wo orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú pípọ́n yẹn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bó ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé.

"Gbé ọwọ́ rẹ." Olóyè ló sọ̀rọ̀, wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Tinúadé, fèrè kẹta ò tíì dún. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò! Gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò á pa, osùn wọn á pa mọ́ ọn. Gbé e kúrò, ọmọ mi. Gbé e, kí okùn ọkọ rẹ kù sí wa lọ́wọ́!"

Ajíbádé wo ọ̀pá irin tó sọ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jìnnà sí i. Ó wo ọwọ́ Tinúadé, kò sì gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà lọ́mọdé tó bá ṣẹ̀ tí kò sì mọ̀ bóyá yóò na òun.

Òkúta náà ti gbóná débi pé ó ń jó Tinúadé lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, kó ká ìka rẹ̀ kò lásán ni. Ó ronú kan Mofẹ́ lábẹ́ igi. Ó ronú kan aboyún Ìdí-Ọsàn, ẹ̀rù sì bà á púpọ̀, nítorí ó dá a lójú pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá sí Òkè-Àpáta. Omi ń dà lójú rẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀.

"Tinúadé! Mo bẹ̀ ọ́!"

Ó gbé ọwọ́ kejì, ó sì fi tẹ èyí tó wà lórí òkúta mọ́lẹ̀.

Fèrè kẹta dún. Ó dún pẹ́ ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì gba orí àpáta lọ sí ọ̀nà Ìdí-Ọsàn. Nígbà tó dákẹ́, ohùn inú ògiri ní, "Ìyá Okùn, ó ti parí. Ẹ lè gbé ọwọ́ yín báyìí." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ajíbádé ló wá sídìí òkúta náà nígbẹ̀yìn, tó sì rọra bá a ṣí àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.